Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Ọ̀gá Nínú Ìkòkò Olómi

Kí n tó la ẹnu sọ nǹkan kan, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú mi kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé Banjul láyọ̀, tí ó sì fi ogójì ọmọ kíláàsì kẹrin tí wọn kò mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mo tún dúpẹ́ pé wọn kò lé mi níṣẹ́ nítorí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ilé ìwé ìjọ ni mo ti kàwé ní kékeré. Níbẹ̀, ẹni tó bá béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ti rí, ẹgba ló máa ń dá a lóhùn. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí mo bá di tíṣà, àwọn ọmọ tèmi yóò máa béèrè títí ọ̀fun wọn yóò fi gbẹ. Ọlọ́run gbọ́. Ó tilẹ̀ gbọ́ jù.

Gbogbo Ọjọ́rú ni a máa ń kó ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí a ó fi amọ̀ àti iyanrìn ṣe nǹkan. Òfin méjì ni mo fún wọn. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdán an wò. Bí o bá sì fẹ́ dán nǹkan wò, wá méjì tó jọra, kí o yí ohun kan ṣoṣo padà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ rárá nígbà ìwé kíkà, ṣùgbọ́n tó bá di Ọjọ́rú, òun ni ọ̀gá gbogbo wa.

Ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀, ìyá kan láti inú ẹ̀yà Aku, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Freetown wá, kò fẹ́ràn iyanrìn nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ilé ìwé nìyí àbí ilé amọ̀kòkò?"

"Ilé ìwé ni, mà."

"Ó dáa. Di Ọjọ́bọ̀, fi ohun tí eré yìí wúlò fún hàn mí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì nìkan ni láti ìsinsìnyí lọ."

Mo wo ọmọbìnrin yẹn. Ó ti gbọ́. Bí Ọjọ́rú bá lọ, ohùn rẹ̀ náà lọ nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, a gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, a da iyanrìn sáàárín wọn, a bu omi rin ín, a fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yóò máa fa omi náà gbẹ, ooru inú ìkòkò yóò sì máa bá omi náà lọ. A ní oúnjẹ kò ní tètè bàjẹ́ níbẹ̀. Kí la ó wá fi dán an wò? Wọ́n mú ẹja méjì wá: ọ̀kan sanra, ọ̀kan rù.

"Tíṣà, wọn ò jọra," ọmọbìnrin náà wí.

"Ẹ lọ wá èyí tó jọra," ni mo wí, mo sì wọkọ̀ lọ sílé mi ní Old Jeshwang. Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀.

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni ọ̀gá máa ń jẹ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Èdè rẹ̀ kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni àwa méjèèjì ń pe oúnjẹ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní mọ́ínmọ́ín ẹ má bínú. Ní àkókò ìsinmi, igbe ta.

"Ta ló jí oúnjẹ mi?"

Ọmọbìnrin náà jáde tòun ti ìwé rẹ̀. "A ò jí i, mà. À ń dán an wò ni. Méjì ni. Inú ìkòkò kan náà lẹ ti sè é, ewé kan náà lẹ fi pọ́n ọn. Ọ̀kan wà nínú ìkòkò olómi, ọ̀kan wà lójú fèrèsé. Aago mẹ́jọ la bẹ̀rẹ̀."

"Gbé e wá. Ebi ń pa mí."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ku wákàtí kan."

Mo kọjú sí pátákó, mo ń nu ibi tí kò sí ìkọ̀wé kankan, mo ń gbàdúrà. Nígbà tí mo yíjú padà, ọ̀gá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ó ká apá, ó ń wò mí.

Aago méjì lù. Ti ojú fèrèsé ti kan, èèrà ti bò ó. Ti inú ìkòkò tutù minimini. Ọ̀gá jẹ ẹ́ tán pátá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná," ó wí, ó ń nu ẹnu. "Oòrùn ló pa ti ojú fèrèsé. Abẹ́ òjìji ni ìkòkò yín wà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé omi ló ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe òjìji?"

Òfin mi ló fi mú mi. Ohun méjì la yí padà.

Ọmọbìnrin náà wo ìwé rẹ̀, ó fa ìlà gba ojú èsì rẹ̀ kọjá. "Ẹ ṣeun, mà. Ó yẹ kí ìkòkò méjì wà lábẹ́ òjìji, kí ọ̀kan ní omi, kí èkejì gbẹ. Ẹ bá wa mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ mìíràn wá."

Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Ọmọ yìí mà láyà o!" ó wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú mẹ́ta wá. Ó fún ọmọbìnrin náà ní méjì. Ó ti ẹ̀kẹta mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Lẹ́yìn náà ló fa bẹ́ǹṣì sẹ́bàá ìkòkò.

"Tíṣà, sún sọ́hùn-ún. Kọ ọ́ sílẹ̀: aago mẹ́jọ la bẹ̀rẹ̀."

Ìwọ tí o ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oúnjẹ rẹ kan kí o tó jẹ ẹ́. Kí ó sì fi ọmọ kan ta ọ́ lọ́rẹ, tí yóò máa bi ọ́ ní ìbéèrè tí o kò ní lè dáhùn. Àmín.