Bíréèkì Bọ́ọ̀sì Àwọn Akọrin

Bàbá àgbà mi ò yìnbọn rí lójú ogun. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di akọni. Mẹkáníìkì ni wọ́n fi í ṣe nínú iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó ṣójà àti oúnjẹ ló ń tún ṣe. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Ìbàdàn, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ náà ló wà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

Èmi ni mo ń bá a ṣe iṣẹ́ tó bá gba ojú. Ìdílé tíṣà ni wá, ìwé tíṣà ni èmi náà kà, mo sì kọ́ni fún ọdún mẹ́rin kí n tó sọ fún wọn nílé pé sípánà wù mí ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tó máa lanu, ó bi mí pé ṣé torí ọ́ìlì ni òun ṣe ń gé èékánná mi láti kékeré. Bàbá àgbà nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó ju aṣọ iṣẹ́ kan sí mi, ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú. Ẹni tó bá tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe ni yóò kọ́kọ́ wà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Mápó, kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Mo bi í ní ìdí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọjọ́ kan tí a jókòó tí à ń jẹ ẹ̀kọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́.

Ó ní lójú ogun, òun ń tún bíréèkì ọkọ̀ kan ṣe, ọ̀gá ṣójà kan sì dúró lé òun lórí, ó ń pariwo pé àwọn ọmọ ogun ń dúró, ṣé ó ti ṣe tán àbí kò tíì ṣe tán. Ọkàn òun ò balẹ̀ sí iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ̀rù bà òun, òun sì dáhùn pé ó ti ṣe tán. Ọkọ̀ náà gbéra. Nígbà tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò kan, kò dúró, ó já sínú omi. Bàbá àgbà mọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ìjọ wa ní Kúdẹtì wá fún wa. Bíréèkì rẹ̀ ò mú mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn akọrin máa gbé e lọ síbi ìkórè ní ọjọ́ Àìkú. Mo pààrọ̀ àwọn páìpù rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá àgbà jókòó síwájú, ó ń tẹ bíréèkì, èmi sì ń tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì lè jáde, torí afẹ́fẹ́ ló ń mú kí bíréèkì rọ̀. Nígbà tó máa fi kan táyà tó kẹ́yìn, ebi ti ń pa mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wa bọ́ọ̀sì náà gun Mápó, Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò tíì sọ̀ tí ìyá ẹgbẹ́ akọrin fi pè mí lórí fóònù, ìgbà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn ti wọṣọ tán, ṣé mo fẹ́ dójú ti ìjọ ni. Mo ní kó mú sùúrù. Mo tẹ bíréèkì, ó mú. Mo tún un tẹ̀, ó mú, àmọ́ ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ọjà'ba.

"Ṣé ó ti ṣe tán?" ni Bàbá bi mí.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ sọ pé ó ti ṣe tán. Ogún akọrin ló ń dúró, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa obìnrin tó sọ pé òun jẹ́ mẹkáníìkì. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi sí ara mi.

"Rárá, Bàbá," ni mo dáhùn. "Mo kánjú lórí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì lánàá. Afẹ́fẹ́ ṣì wà ńbẹ̀."

Mo sọ fún ìyá ẹgbẹ́ akọrin pé kí wọ́n wọ takisí. Mi ò ní kọ ohun tó fi dá mi lóhùn síbí, nítorí ọmọ ìjọ rere ni.

Mo fi òkúta dí àwọn táyà, mo gbé àpótí sípánà sílẹ̀, mo sì wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì lójú títì níbẹ̀. Mo rò pé Bàbá máa bá mi wí, àmọ́ ńṣe ló sọ̀ kalẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ara bọ́ọ̀sì lọ síwájú, ó jókòó síbi ìwakọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì. Mo tú nọ́ọ̀tì. Ọ́ìlì jáde, ó ń hó bí omi ọṣẹ.

"Ṣé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀?" ó bi mí láti òkè.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ó pọ̀."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí bíréèkì. Mo ti ń rò pé bóyá kò gbọ́ ni mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀.

"Ká ní mo sọ pé rárá fún ọ̀gá ṣójà yẹn ni, wọn ì bá ṣì wà láyé."

Mo yí nọ́ọ̀tì náà padà. Bàbá tún gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.