Ọ̀bẹ Kì í Gé Nǹkan Kún

Sèfíyátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí àdúgbò Belleville ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, mọ ẹran gé débi pé bí o bá mí sí ègé tó gé, ìlú Sakassou lo ti máa lọ wá a. Kì í ṣe alápatà o. Ilé àyẹ̀wò ẹran ọ̀sìn ló ti ń ṣiṣẹ́. Yóò ri ẹran sínú ìda yíyọ́ kó lè le, yóò gbé e sójú ẹ̀rọ, yóò sì máa rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Bí ó bá ń rẹ́ ẹ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá kì í sín níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń sá lọ sín.

Nígbà náà, wọ́n ti dá agbára owó sẹ́fà sí méjì, ebi sì ti kọ́ àwọn èèyàn láti máa wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Ọ̀rọ̀ ivoirité, pé ta ni ọmọ Côte d'Ivoire tòótọ́, gbòde. Anago ni wọ́n sì ń pe Yorùbá níbẹ̀. Bí eṣinṣin bá bà lé àwo ọbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bi í pé níbo ni wọ́n bí bàbá àti ìyá rẹ̀ sí.

Àsìkò yẹn ni Marthe, opó kan láti Brobo, wọlé tọ Sèfíyátù wá. Gbogbo ohun tó rí lórí iṣu rẹ̀ ló fi ra abo màlúù kan lọ́wọ́ Jacques, oníṣòwò màlúù ará Sakassou. Akọ gùn ún títí ó fi sú akọ, màlúù ò lóyún. Jacques ní àfi bí àbùkù náà bá jẹ́ àbínibí nìkan lòun máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Marthe gbé ẹrù rẹ̀ dání.

Sèfíyátù bi í pé, "Màmá, ṣé ìbejì kọ́ ni màlúù yìí?"

"Jacques ní òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí."

Bí abo bá bá akọ pín inú ìyá màlúù, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì a máa dà pọ̀, abo a sì sábà yàgàn. Dókítà ẹran bá yọ kókó kékeré kan lọ́rùn màlúù náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì abo, okùn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní kúrómósóòmù X máa ń jẹ́ méjì. Nínú ti akọ, X kan, Y kan. Sèfíyátù rẹ́ kókó náà sórí gíláàsì, ó sì da ègé DNA aláró lé e. Irú ara wọn ni wọ́n ń wá lọ: èyí tó bá rí X á tàn pupa, èyí tó bá rí Y á tàn bí ewé. Ó fi ẹran abo mìíràn, tó ti bímọ rí, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ti iná yàrá pa, ó tẹjú mọ́ awò amúǹkantóbi. Láàárín pupa, ewé ń ṣẹ́jú sí i: sẹ́ẹ̀lì akọ nínú ara abo! Nínú ti abiyamọ, pupa nìkan.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Jacques. Ikùn rẹ̀ ti kí wọn tán kí òun tó wọlé. Ó bojú wo inú awò.

"Anago, ọ̀bẹ rẹ ló bà á jẹ́! Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ò ju pupa kan lọ."

"Òótọ́ lẹ sọ, Mìsíọ̀ Jacques. Ọ̀bẹ a máa la sẹ́ẹ̀lì sí méjì, pupa kan a sì bọ́ dànù. N ò tiẹ̀ gba pupa kan gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò mọ̀ ju kó gé nǹkan kù lọ. Kì í gé nǹkan kún. Ta ló wá gbin ewé síbẹ̀?"

"O ti fi ọ̀bẹ náà gé akọ tẹ́lẹ̀ ni!"

"Ẹ wo abiyamọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ kan náà, aró kan náà."

Jacques wò ó, ó sì ti awò sẹ́yìn. "Màlúù Côte d'Ivoire ni! Àlejò kankan ò lè máa ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wa. Mo ń lọ sí préfecture, lọ́dọ̀ ìjọba!"

"Ẹ mú màlúù náà dání, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àlejò wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun náà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Marthe ò bá a rẹ́rìn-ín. "Jacques, ìkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti tà á..." Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Jacques fọwọ́ bo ẹnu, ó pẹ́ jù.

Bẹ́ẹ̀ ni abo mìíràn tó ti bímọ rí, tí Jacques fi pààrọ̀, ṣe dé àgbàlá Marthe. Nígbà tí òjò tún rọ̀, Marthe gbé iṣu wá: màlúù ti bí, Anago sì ni òun sọ ọmọ náà.

"Màmá, ẹ wá fi èmi sọ màlúù!"

"Ta ni ǹ bá tún fi sọ ọ́, ọmọ mi? Ìwọ lo bá mi bí i."

Títí dòní, bí ọmọ màlúù náà bá já wọ oko olóko, gbogbo Brobo ló ń pariwo pé: "Ẹ dá Anago padà sílé!" Ilé Marthe sì ni wọ́n máa ń dà á lọ.