Àmì Ìka Mẹ́rin Lójú Gàrí

Lánàá ni ọmọ mi obìnrin gbé gàrí tuntun dé láti Owódé. Bí mo ṣe tú ẹnu àpò, tí òórùn kíkan rẹ̀ fẹ́ sí mi nímú, ọkàn mi ti gbéra lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé wa ní Abẹ́òkúta, níbi tí ẹnu mi ti kó bá ọ̀rẹ́ mi.

Rísì lorúkọ rẹ̀. Àga kan náà la jọ ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Elépo ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan tí mo fún un lẹ́pà jẹ, ó rọra sọ fún mi pé kí Ìyá Elépo tó lọ sọ́jà láràárọ̀, á fọwọ́ tẹ́ ojú gàrí inú agolo pẹrẹsẹ, á wá tẹ ìka mẹ́rin sí i. Bó bá dé tí àmì yẹn ti bà jẹ́, Rísì gbé nìyẹn.

"Má sọ fẹ́nì kankan o," ló wí. Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà o.

Eré ìparí ọdún dé. Tíṣà wa ò fẹ́ eré ọba àti olorì. Ó ní ká mú ìwà burúkú tí à ń rí nílé wá, káwọn òbí lè rí ara wọn. Mo ronú títí, ti ilé wa ò dùn ún gbọ́, ni mo bá mú ti Rísì. Mi ò sọ fún un.

Èmi náà ni mo ṣe ìyá ìkà. Mo wé gèlè gàgàrà, mo ki aṣọ sídìí kó tóbi, mo tẹ́ gàrí, mo tẹ ìka mẹ́rin sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé bẹ́ńṣì ń dún. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ìyá Elépo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láàárín èrò. "Ta ló sọ fún ọ?" Kò pariwo rárá. Tíṣà ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, eré ni." Ǹ bá sọ pé èmi ni mo rò ó, irọ́ kékeré báyẹn ì bá ti tó. Ẹ̀rù bà mí. Mo na ọwọ́ tí gàrí ṣì wà lára rẹ̀ síbi tí Rísì jókòó. "Rísì ni, mà."

Lọ́jọ́ Ajé, àyè rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti mú un lọ sí abúlé kan nítòsí Wásinmi, pé kó lọ máa yan gàrí. Kò padà sílé ìwé mọ́. Èmi ni wọ́n fún lẹ́bùn òṣèré tó dáa jù, mo sì gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń ṣeré tiyín lábẹ́ iná aláràbarà, pẹ̀lú gbohùngbohùn létè. Ó dáa. Àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún, ìyẹn ò tíì yí padà. Mo tiẹ̀ gbọ́ pé lẹ́yìn eré wa, ìyá méjì-mẹ́ta ládùúgbò jáwọ́ nínú títẹ́ gàrí. Rísì nìkan ni eré náà ò ṣe lóore.

Nílé mi, bí mo bá bu gàrí tán, mo máa ń rú ojú rẹ̀ pọ̀, kí n má baà mọ ẹni tó bù ú. Ẹni tébi bá ń pa, kó bù. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Rísì ò sì bù níbẹ̀ rí.