Èmi Ni Wọ́n Gé, Ìyàwó Mi Ni Wọ́n Kí Kú Ewu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ o!

Ọdún keje rèé tí èmi àti Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, ti fẹ́ra ní Òmù-Àrán. Kò sí ọmọ. Ta ni wọ́n ń bá wí? Bọ́sẹ̀ ni! Òun ló ń mu àgbo, òun ló ń gbààwẹ̀, òun ló ń ṣe tẹ́ẹ̀sì. Èmi? Mò ń jẹ iyán mi jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí màámi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní òun ti rí ọmọbìnrin kan fún mi ní Ìgbàjà, n kò sọ pé rárá. N kò kúkú sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!

Bọ́sẹ̀ fárígá. Ó ní kí n tó fẹ́ ẹlòmíràn, kí èmi náà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Mo gbéra lọ sí Ìlọrin, mo gbé àyà síwájú. Dókítà yẹ àtọ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohun tí ń di ọmọ níbẹ̀. Ó ní òun máa gé bíńtín lára kóró ẹpọ̀n mi lọ sí láàbù, kí wọ́n wò ó bóyá ara mi ń ṣe é tí ọ̀nà kàn dí ni, àbí kò ṣe é rárá.

Kóró kí ni? Mo làágùn!

Ìtìjú ò jẹ́ kí n sòótọ́ nílé. Mo sọ fún màámi pé Bọ́sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bọ́sẹ̀ wò mí títí, ó ní kò burú, òun á bá mi lọ.

Bí a ṣe dé láti Ìlọrin lọ́jọ́ tí wọ́n gé mi, àwọn ìyá ìjọ ti kún pálọ̀. Kú ewu o, ìyàwó wa! Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja fún un, wọ́n ní kó má dìde. Èmi tí mò ń ya ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dákọ́ fún, èmi ni màámi ní kí n lọ pọnmi! Ó tún ní bí ara Bọ́sẹ̀ bá yá, bí kò yá, ọmọ Ìgbàjà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday.

Mo gbé korobá. Yéè! Mo ṣubú, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Màámi bú sẹ́kún, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ fà á dìde, ó ní, "Màámi, ẹ dìde. Ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ kò lè kúnlẹ̀, ibi tí wọ́n gé ń dùn ún."

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ara mi ń ṣe é, ọ̀nà ló dí, dókítà sì ní ó ní àtúnṣe. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún méje tí Bọ́sẹ̀ fi gbọ́ èébú nítorí mi, láàbù wo ló máa dá a padà?

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ẹjọ́ obìnrin nìkan. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tiyín! Ta ló ti sá sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ bíi tèmi rí? Sọ tìrẹ síbí, kí ìyàwó ẹ tó bá ẹ sọ ọ́.