Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Tísà Ìfọ́n

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan ní Ìlobù: kámẹ́rà kan, àga kan, aṣọ búlúù tí mo ta sára ògiri. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣogbo ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa wá mi. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo máa ń kó fọ́tò tí mo ti fọ̀ wọ mọ́tò lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń da fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà. Tó bá ti wọlé, màá gé èèyàn kúrò lára aṣọ búlúù mi, màá gbé e síwájú òdòdó tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá. Iṣẹ́ náà jọ mí lójú gan-an. Mo gbà pé kò sí ojú tí mi ò lè tún ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó jù mí lọ dáadáa wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Tísà ni wọ́n, láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Wọ́n fa ìbòrí wọn sẹ́yìn kí n lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn òsì. Láti ìdí etí títí dé àgbọ̀n, awọ ibẹ̀ ti sún jọ, ó ń dán. Sítóòfù ló gbiná mọ́ wọn lójú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

“Àbúrò, ẹgbẹ́ asáláátù wa ń ṣe kàlẹ́ńdà,” wọ́n ní. “Lọ́dún tó kọjá, mi ò mú fọ́tò wá, ni wọ́n bá fi òdòdó sórí orúkọ mi níbi tó yẹ kí fọ́tò mi wà. Ọmọ mi wò ó, ó bi mí bóyá ẹni tó ti kú ni wọ́n máa ń fi òdòdó sí.”

Mo gbé àga fún wọn kí wọ́n jókòó.

“Wọ́n ní o lè fi kọ̀ǹpútà yọ àpá yìí.”

“Mo lè yọ ọ́, mà.”

Wọ́n sọ fún mi pé fọ́tógiráfà wà ní Ìfọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ kí ẹni tó mọ àwọn gbọ́ pé àwọn ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún ojú àwọn ṣe. Mo ya fọ́tò náà. Ní Ọjọ́rú, àwa méjèèjì jọ lọ sí Òṣogbo, torí wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i.

Mo gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo yí i padà, mo fi bo ti òsì. Mo wá ń pa ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó tó wákàtí kan. Bí mo ṣe yíjú láti sọ pé ó ti parí, iná lọ.

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò tíì fi pamọ́.”

Wọn ò bínú. Wọ́n ra ẹ̀pà, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń retí iná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé, “Ta ni obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ mi bá rí i, ó tún máa bi mí ní ìbéèrè míì.”

Ojú tì mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, ibi tí mo fẹ́ pa rẹ́ nìkan ni mò ń wò. Mo wá bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n gan-an tí wọ́n bá rí fọ́tò ara wọn.

Wọ́n fọwọ́ kan àpá náà. “Ó máa ń dán. Òun nìkan lèèyàn ń rí.”

Èyí yé mi. Fíláàṣì kámẹ́rà ló ń fà á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a tún un yà.

Nígbà tí wọ́n padà wá sí Ìlobù, mi ò lo fíláàṣì. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ ìta lè rọra bà wọ́n, mo ta aṣọ funfun sí òdì kejì kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú wọn. Mo ní kí wọ́n máa sọ ti àwọn ọmọ kíláàsì wọn fún mi. Ìtàn ọmọ kan tó máa ń sùn nídìí ìṣirò ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí mo tẹ kámẹ́rà.

Ní Òṣogbo, mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. “Dín dídán yẹn kù díẹ̀.” “Fi ìyẹn sílẹ̀.” Nígbà tí a ṣe é tán, àpá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn lèèyàn ń kọ́kọ́ rí. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Mo tètè fi pamọ́.

Òun ni wọ́n lò nínú kàlẹ́ńdà. Nígbà Iléyá, Tísà mú ọkọ àti ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Tísà fúnra wọn jókòó dáadáa, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà. Ọkọ wọn ló ń dijú ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yà á. Wọ́n fọwọ́ kan orúnkún ọkọ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: “Dádì, ẹ lajú.”