Ìdánwò páìpù tó kọ̀ tí kò parí

Ẹ gbà mí o! Láàárọ̀ ni iná dé ní Ọ̀wọ̀, ìdánwò kan ṣoṣo ló sì jẹ ẹ́ tán.

Páìpù tí ètò kan ń gbà fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èkejì lórí kọ̀ǹpútà ni mò ń dán wò. Ètò méjì ló ń ṣe ìdánwò náà tẹ́lẹ̀: ọ̀kan ń kọ̀wé sínú páìpù, èkejì ń kà á. Mo ní ó rí wúruwùru, mo bá pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Látìgbà náà ló ti dúró gbagidi.

Mo pe Bísí, ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní Ìdóàní, ó sì bi mí pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń kọ̀wé sínú páìpù?"

"Ètò yẹn náà ni, tó bá ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀ tán."

"Kí ló fẹ́ kà, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan kan?"

Iná ti lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ iṣẹ́ wa ń dúró dè mí, bí ètò mi ṣe ń dúró de ara rẹ̀.

Ẹ bú mi, tàbí kẹ́ ẹ bá mi sunkún. Èwo lẹ yàn?