Bàbá Akínṣọlá àti Eyín Mẹ́kà

"Kò tíì gbẹ. Má fọwọ́ kàn án."

Ohun tí Bàbá Akínṣọlá bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n gbé eyín màálù kan sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀. Wọn ò dìde mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ eyín ní Ìbàdàn, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkirè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń lẹ táyà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ wọn ní Àpòmù, ọ̀rọ̀ eyín Mẹ́kà làwọn èèyàn á kọ́kọ́ sọ.

Ọdún 1994 ni. Àlàájà Sàlámọ̀tù ń rẹ́rìn-ín níbi ìsọmọlórúkọ, eyín wúrà tí wọ́n gbé ti Mẹ́kà bọ̀ já bọ́ sínú mọ́ínmọ́ín. Mùnírátù, ìyàwó kékeré ilé wọn, ló mú un sókè.

"Ẹ wò ó! Ṣebí mo ti wí? Ẹni tó dé Mẹ́kà lóòótọ́, ṣé eyín rẹ̀ á máa bọ́?"

Àlàájà fi gèlè bo ẹnu, ó di Ìkirè. "Dókítà, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Iléyá dé. Bí mo bá dé yídì láìsí eyín yìí, Mẹ́kà mi ti wọmi nìyẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Bàbá wí.

Kí sìmẹ́ńtì tó lè mú eyín, omi kan wà tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi kùn ún. Práímà ni, bíi ti àwọn tó ń kun mọ́tò. Bàbá fi omi eyín kun kùkùté eyín Àlàájà. Wọ́n fi omi kan náà kun wúrà, wọ́n ní omi ni gbogbo omi ń jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Àlàájà ń jẹ gúgúrú. Mùnírátù náà ló tún mú un sókè.

Bàbá ò lè jẹun. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Gàrúbà alápatà lọ.

"Gàrúbà, fún mi ní eyín màálù."

"Ẹ fẹ́ sè é ni?"

"Mo fẹ́ lẹ wúrà mọ́ ọn."

Láti ọjọ́ náà, bí Gàrúbà bá rí wọn lókèèrè, á rọra da màálù rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé.

Òrùka wúrà ìgbéyàwó wọn ni wọ́n fi ayùn gé wẹ́wẹ́ láti fi dánwò. Ìyàwó wọn figbe ta: "Òrùka tí wòlíì súre sí!"

"Ìyẹn ló fi dáa," ni Bàbá wí. "Bí kò bá lẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe àìsí àdúrà."

Kò lẹ̀. Wọ́n rì í sínú agolo omi fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi pínsì mi fà á. Wúrà já, ó mọ́ fefe. Gbogbo sìmẹ́ńtì kù sára eyín.

"Eyín ò ṣe nǹkan kan. Wúrà ló lágídí." Wọ́n yíjú sí mi. "Sólúṣọ̀n tí o fi ń lẹ tíúbù yẹn, ṣé ó lè mú irin?"

"Rárá o, Bàbá. Rọ́bà nìkan ló mọ̀."

Wọ́n wọ bàtà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú ìgò práímà kékeré mìíràn: omi wúrà, èyí tí wọ́n ṣe fún wúrà nìkan.

Èyí mú. A fi sípánà mi kọ́ ọ, kò já. Jemima oníbúrẹ́dì dúró wò wá.

"Bàbá, ṣé màálù yìí náà ń lọ Mẹ́kà ni?"

"Ó ti bọ̀. Kí i káàbọ̀."

Ó ku ọ̀la kí Iléyá dé, Àlàájà wá, ọkọ wọn sì sìn wọ́n wá. Bàbá fi omi eyín kun eyín, wọ́n fi omi wúrà kun wúrà, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi jẹ́lì bo etí rẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì yìí kì í gbẹ bí atẹ́gùn bá kàn án. Ẹ panu dé. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ahọ́n yín á nu jẹ́lì kúrò."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá kẹ̀! Dókítà, ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi..."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Àlàájà panu dé. Ṣọ́ọ̀bù parọ́rọ́. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ọkọ wọn sún mọ́ Bàbá létí.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè gbà tó wákàtí kan?"

Lọ́jọ́ Iléyá, Mùnírátù fúnra rẹ̀ ló ṣa eegun tó le jù lọ fún Àlàájà. Eegun ló fọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bàbá lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àlàájà ti Àpòmù wá. Wọ́n jókòó síbi tí Bàbá máa ń jókòó. Wọ́n fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ síta. Eyín náà kọ mànà.

"Ó ṣì wà," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ìka kàn án. "Lójoojúmọ́ ni mò ń kàn án."

Wọ́n bèèrè omi. Mo bù ú fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wọ mọ́tò lọ.

Mo fọ kọ́ọ̀bù náà. Mo dojú rẹ̀ dé sórí pèpéle kó lè gbẹ.